Ọ̀dà Vallejo Model Color fún sójà ogun Napoleon: ìgò tó yẹ kí ẹ rà àti èyí tí orúkọ rẹ̀ ń tanni

Ẹni tó fẹ́ kun ère sójà Gẹ̀ẹ́sì ti ogun Waterloo, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon, olú-ọba Faransé, tó wá ra ìgò tí wọ́n kọ “English Uniform” sí lára, kákí ló rà bọ̀ wálé. Nọ́ńbà ìgò náà ni 70.921. Àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ni, aṣọ sójà Gẹ̀ẹ́sì ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ló bá mu, bẹ́ẹ̀ pupa ni ọ̀pọ̀ sójà ẹlẹ́sẹ̀ wọn wọ̀ ní Waterloo lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1815. Bí Model Color, ọ̀dà ère tí Vallejo ń ṣe, ṣe rí nìyẹn. Ọ̀dà tó dára gan-an ni, ó wà lára èyí tó dára jù fún aṣọ ogun àtijọ́, àmọ́ àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lé ní igba, orúkọ ara ìgò nìkan kò sì tó fi yan èyí tó yẹ. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni ohun tí wọ́n fi rẹ aṣọ náà nígbà ayé rẹ̀, àti bí ère tó wà lọ́wọ́ yín ṣe kéré tó.

Ère ìwọ̀n 28mm, oníke àti onírin, ni àyẹ̀wò yìí dá lé. Ẹni tó ń kun ti 1/72 (ère tó kéré ju èèyàn gidi lọ nígbà 72) lè lo gbogbo ohun tó wà níbí, kó ṣáà mú àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀, torí bí ère bá ṣe kéré tó ni àwọ̀ ara rẹ̀ ń ṣókùnkùn lójú tó.

Ká kọ́kọ́ sọ ti ìgò. Ilé iṣẹ́ Acrylicos Vallejo ní Sípéènì ló ń ṣe é. Ọ̀dà olómi ni, omi lásán lẹ máa fi fọ bọ́rọ́ọ̀ṣì. Ìgò àtijọ́ gba 17 ml, tuntun gba 18 ml, ẹnu rẹ̀ sì ṣe tóóró kí ọ̀dà lè máa kán lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jẹ́ kó borí ọ̀dà inú agolo nìyí: bí ẹ bá po ẹ̀kán méjì pọ̀ mọ́ ẹ̀kán kan lónìí, ẹ lè po irú rẹ̀ gan-an nígbà tí ẹ bá fẹ́ kun ẹgbẹ́ sójà tó kàn, aṣọ gbogbo wọn á sì bára mu. Èyí tí a fi bọ́rọ́ọ̀ṣì bù nínú agolo kò ṣeé wọ̀n bẹ́ẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé èròjà àwọ̀ máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Bí ẹ kò bá gbọ̀n ọ́n tó, oje tí kò láwọ̀ ló máa kọ́kọ́ kán jáde, ẹ máa rí òrùka tó mọ́ gaara yí ẹ̀kán náà ká. Ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń dán lẹ́yìn tó bá gbẹ. Ẹnu tóóró náà ṣeé fà yọ. Ẹ fà á yọ, kí ẹ ju bọ́ọ̀lù kékeré méjì sínú rẹ̀, irin tí kì í dípẹtà ni kó jẹ́, kí ẹ sì gbọ̀n ìgò fún bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó lò ó. Bọ́ọ̀lù irin lásán máa dípẹtà nínú omi ọ̀dà, á sì ba funfun àti yẹ́lò jẹ́. Bí ẹnu ìgò bá dí, abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi là á. Ẹ má fi agbára fún un, torí bí ohun tó dí i bá fò jáde, ìdajì ìgò lè tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó bá ní kí ẹbí bá òun rà á bọ̀ láti London, kó fi nọ́ńbà ránṣẹ́, kó má fi orúkọ nìkan ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ náà ti yí bébà ara ìgò padà, àwọn orúkọ kan sì ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Kí wọ́n di ìgò kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá nínú àpótí, torí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú máa ń mú kí ẹnu tóóró yẹn jò. Ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fún jáde bí afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n má ṣe kó rárá; ó ń gbiná, kò sì gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Kí ẹ tó kan àwọ̀ kankan, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ère oníke, torí òróró tí wọ́n fi yọ ọ́ nínú móòdù ṣì wà lára rẹ̀, ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ òróró. Lẹ́yìn náà, ẹ kun púráímà, ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ kí àwọ̀ lẹ̀ mọ́ ère. Vallejo ní aláwọ̀ eérú, 70.601, òun la fara mọ́ jù fún pupa àti búlúù. Dúdú, 70.602, ń pa pupa kú: ìpele márùn-ún lè má tó láti jí i. Ẹ jẹ́ kí púráímà náà wà fún wákàtí 24. Bó ti wù kó gbẹ lójú tó, bí kò bá tíì le, èékánná lè hó o kúrò bí awọ.

Ó wá kan pupa, òun ló ń dààmú èèyàn jù lọ. Ọ̀nà méjì ni pupa aṣọ Gẹ̀ẹ́sì pín sí. Gbòǹgbò ewéko kan tó ń jẹ́ madder ni wọ́n fi rẹ aṣọ irun àgùntàn fún sójà lásán. Pupa rẹ̀ ṣú díẹ̀, ó fara jọ bíríkì, bí òjò àti oòrùn sì ṣe ń pa á ló ń pọ́n sí àwọ̀ ilẹ̀. Ti àwọn ọ́físà, kòkòrò cochineal, tó ń gbé lára káktọ́ọ̀sì, ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Pupa tó ń tàn yòò ni, owó ńlá sì ni. Nítorí náà, ẹni tó fi ìgò pupa kan ṣoṣo kun ọ́físà àti sójà ti pa ìyàtọ̀ tó hàn kedere lójú ogun rẹ́.

Fún sójà lásán, ìgò mẹ́ta ni. Ìpìlẹ̀ ni 70.982, Cavalry Brown, àwọ̀ ilẹ̀ tó ní pupa nínú. Ó bo púráímà dáadáa, ìpele kan tó. Lẹ́yìn náà ni 70.957, Flat Red. Ìpele méjì tàbí mẹ́ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó jẹ́, kí ẹ fi 70.982 sílẹ̀ nínú ìkákò aṣọ, ní abẹ́ apá, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì. Níkẹyìn, ẹ po ẹ̀kán méjì 70.957 mọ́ ẹ̀kán kan 70.817, Scarlet, kí ẹ fi kan èjìká, òkè apá àti ibi tí àyà ti yọ. Ẹ dúró síbẹ̀. Fún ọ́físà, 70.957 ló máa di òjìji, 70.817 ló máa gba gbogbo ara ẹ̀wù, ẹ sì lè fi ọsàn kíún sí i fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kàn án.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Èkíní ni pé kí èèyàn fi funfun mú pupa mọ́lẹ̀. Pupa pẹ̀lú funfun, píǹkì ló ń jẹ́, ẹgbẹ́ sójà odindi á sì dà bí ẹni tó wọ aṣọ ọmọ ọwọ́. Ọsàn tàbí àwọ̀ ara ni kí ẹ fi mú un mọ́lẹ̀. Èkejì ni kíkánjú. Èròjà pupa kì í bo nǹkan dáadáa, torí náà ìpele rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀. Bí ẹ bá gbé ìpele kejì lé èkíní kó tó gbẹ tán, bọ́rọ́ọ̀ṣì á gbé ti ìsàlẹ̀ dìde, púráímà á sì yọjú. Ìlàjì ẹ̀kán omi sí ẹ̀kán ọ̀dà kan tó. Bí omi bá pọ̀ jù, àwọ̀ á sá lọ kóra jọ sínú kòtò, á fi orí òkè sílẹ̀ ní òfo.

Ní àkókò ọyẹ́, ọ̀dà yìí ń gbẹ lórí bọ́rọ́ọ̀ṣì kó tó dé ara ère. Ẹ wá abọ́ pẹlẹbẹ, kí ẹ tẹ́ fóòmù tó rin fún omi sínú rẹ̀, kí ẹ fi bébà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń tẹ́ sínú páànù yíyan bò ó, orí bébà yẹn ni kí ẹ ti máa po ọ̀dà. Vallejo tún ń ta oje tó ń dá gbígbẹ dúró, 70.597, kó má ju ẹ̀kán kan sí ẹ̀kán mẹ́wàá lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọ̀dà náà kò ní le mọ́.

Búlúù ni Model Color ti dára jù, ó sì yẹ kí àwa Yorùbá lè yàn án ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Indigo ni wọ́n fi rẹ búlúù sójà Faransé. Èròjà àwọ̀ kan náà ló wà nínú ẹ̀lú tí àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo fi ń ṣe aró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewéko ọ̀tọ̀ ni. Ẹ gbé àdìrẹ aláró tuntun kan àti ògbólógbòó kan síwájú yín. Tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ó ní pupa díẹ̀ lójú rẹ̀. Ògbólógbòó ti ṣí níbi tí nǹkan ti ń ha án, búlúù rẹ̀ sì ti ní eérú díẹ̀ nínú. Bí aṣọ sójà tó ti rìn jìnnà ṣe rí gan-an nìyẹn: ìgúnpá ṣí, èjìká tí okùn àpò ẹ̀yìn ń ha ṣí, inú ìkákò ṣì dúdú. Kò sí káàdì àwọ̀ kankan tó lè kọ́ni ju aṣọ yìí lọ.

Ìgò tó bá búlúù yẹn mu ni 70.899, Dark Prussian Blue. Nínú ìgò ó lẹ́wà, lórí ère 28mm ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ẹni tó fi òun nìkan kun ogójì sójà, tó wá tò wọ́n sórí tábìlì, dúdú ni ẹni tó dúró lókèèrè máa rí. Torí náà, ẹ lò ó bí òjìji àti ìpìlẹ̀. Ẹ po ẹ̀kán kan rẹ̀ mọ́ ẹ̀kán kan 70.965, Prussian Blue, fún gbogbo ara ẹ̀wù. Kí ẹ fi 70.965 nìkan kan ìgúnpá àti èjìká; kí ẹ wá fi 70.943, Grey Blue, díẹ̀ sí i fún etí aṣọ. Ẹ má fi funfun sí i, torí á dà bíi sánmà ọ̀sán.

Orúkọ tún ń tanni níbí. “Prussian Blue” kì í ṣe àwọ̀ ẹ̀wù sójà Prussia (ìjọba kan ní Jámánì nígbà náà) fúnra rẹ̀, ó mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní ọmọ ogun Blücher, ọ̀gágun Prussia, lọ́wọ́, kí 70.899 jẹ́ ìpín tó pọ̀ jù, kí 70.965 jẹ́ ìlà tín-ín-rín ní etí nìkan. Nígbà tí ẹ bá wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ Faransé, ojú máa mọ ìyàtọ̀ wọn láìwo fìlà.

Kí ẹni tó fẹ́ràn ọdún 1806 sí 1807 rántí pé àwọn réjímẹ́ńtì (ẹgbẹ́ sójà) Faransé kan wọ funfun nígbà yẹn. Ojú òkun ni indigo ń gbà wọlé, Gẹ̀ẹ́sì sì ti dí ojú òkun, ni ìjọba Napoleon bá dán aṣọ funfun wò. Kò tọ́jọ́, wọ́n padà sí búlúù.

Funfun ni ibi tí ọ̀dà yìí ti kù díẹ̀ káàtó. 70.951 kò bo nǹkan dáadáa, bí ẹ bá sì kun ún nípọn, á ṣe wúruwùru bí ẹ̀fun tí kò kúnná. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Bẹ́líìtì tó dábùú àyà, 70.986, Deck Tan, ni kó kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà 70.918, Ivory, kí 70.951 wá kan etí òkè nìkan. Dúdú fìlà gíga wọn àti bàtà, 70.950 ni, kí ẹ fi 70.862, Black Grey, fa ìlà sí etí. Sòkòtò sójà Gẹ̀ẹ́sì ní 1815 jẹ́ àwọ̀ eérú, 70.994, Dark Grey, tí ẹ mú mọ́lẹ̀ díẹ̀, kò ní wàhálà.

Ọrùn ẹ̀wù àti ẹnu apá rẹ̀ ni àwọ̀ tí wọ́n fi ń dá réjímẹ́ńtì Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ sì ti fara balẹ̀ kí ẹ tó ra ìgò. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe réjímẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan: ti 33 jẹ́ pupa, nítorí náà kò sí ìgò tuntun láti rà. Ti 44 jẹ́ yẹ́lò, ti 32 funfun, ti 42 búlúù ṣíṣú, ti 79 àwọ̀ ewé ṣíṣú. Ti 52 jẹ́ àwọ̀ awọ tí wọn kò pa láró, tí 70.976, Buff, sún mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé ni pé bẹ́líìtì irú réjímẹ́ńtì bẹ́ẹ̀ náà kì í funfun, àwọ̀ awọ kan náà ló ní. Àwọn 95 kò wọ pupa rárá: àwọ̀ ewé tó ṣú ni ẹ̀wù wọn, ọrùn àti ẹnu apá dúdú, bẹ́líìtì dúdú. Yẹ́lò ní àìsàn kan náà pẹ̀lú pupa, kò lè bo pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi 70.976 bo pupa náà ná, kí ẹ tó gbé yẹ́lò lé e.

Ojú àti ọwọ́ ló kù, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ọ̀dà ti ń já wa kulẹ̀, torí ojú òyìnbó nìkan ni wọ́n máa ń ṣàlàyé. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ní 1795 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá West India Regiments sílẹ̀ ní Karibíánì. Lẹ́yìn 1807, wọ́n gba ọ̀pọ̀ èèyàn síbẹ̀ lára àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown, ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn. Ojú wọn yẹ kó gba àkókò tó pọ̀ tó ti ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ má fi dúdú, 70.950, kun ara èèyàn. Ìpìlẹ̀ tó dára ni 70.822, àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú gan-an, ẹ fi kun gbogbo ojú àti ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni 70.872, Chocolate Brown, sórí iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú, àgbọ̀n àti ẹ̀yìn ọwọ́. 70.984, Flat Brown, ní pupa nínú. Ẹ po ó mọ́ 70.872 ní ẹ̀kán kan sí ẹ̀kán kan fún òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti gòǹgò imú. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú náà tún yọ sí i, 70.927, Dark Flesh, kíún nínú àdàpọ̀ yẹn tó. Àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀ ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ. Ètè gba 70.982 díẹ̀. Ohun tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni funfun tàbí eérú: bí ẹ bá fi èyíkéyìí nínú wọn mú àwọ̀ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ara ère náà á hó funfun bí ẹni tí ọyẹ́ mú tí kò fi ìpara pa ara. Bí ara ẹnì kan ṣe dúdú tó yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì, nítorí náà ẹ yí ìwọ̀n 70.984 padà láti orí ère kan sí èkejì.

Ní 1858, aṣọ West India Regiments yí padà sí irú ti zouave, àwọn sójà Faransé ní Àríwá Áfíríkà: fẹ́ẹ̀sì pupa tí láwàní funfun yí ká, jákẹ́ẹ̀tì pupa aláìlápá tó ní okùn yẹ́lò létí, sòkòtò búlúù ṣíṣú. Pupa àti búlúù tí a ti tò sókè yìí ló ṣì máa ṣe é. Royal West African Frontier Force, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Nigeria Regiment wà nínú rẹ̀, náà ní fẹ́ẹ̀sì pupa àti jákẹ́ẹ̀tì pupa elétí yẹ́lò fún ọjọ́ ayẹyẹ, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé kákí. Kákí yẹn mọ́lẹ̀, ti ilẹ̀ olóoru ni. Ẹ fi 70.988, Khaki, kun ún, kí ẹ fi 70.976 mú un mọ́lẹ̀, 70.921 tí ẹ ti fi omi là dáadáa sì wúlò fún òjìji rẹ̀. Fún àwọn tó lọ jagun ní Burma láàárín 1943 sí 1945, aṣọ àwọ̀ ewé ni, 70.975, Military Green, pẹ̀lú 70.976 díẹ̀ á fi hàn pé omi àti oòrùn ti fọ̀ ọ́. Àmì apá ẹgbẹ́ 81, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jà ní Burma, jẹ́ aláǹtakùn Ananse dúdú lórí yẹ́lò. Ní 28mm, ẹsẹ̀ mẹ́jọ kò lè gbà níbẹ̀: ẹ kán funfun, ẹ kán yẹ́lò lé e, kí ẹ wá fi ẹ̀kán dúdú tín-ín-rín pẹ̀lú ìlà mẹ́rin parí rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé owó ìgò mẹ́wàá péré ló wà, ẹ ra 70.982, 70.957, 70.817, 70.899, 70.965, 70.986, 70.918, 70.950, 70.872 àti 70.984. Sójà Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti aláwọ̀ dúdú máa jáde nínú wọn; funfun, idẹ àti irin ìbọn lè tẹ̀ lé e. Àpótí tí wọ́n ti to àwọ̀ sínú rẹ̀ dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ máa ń sanwó ìgò tí ẹ kò ní ṣí. Ẹni tí kò bá fẹ́ máa po ọ̀dà rárá lè wo ti ilé iṣẹ́ Foundry: wọ́n ń ta àwọ̀ kan ní mẹ́ta-mẹ́ta, òjìji, àárín àti ìmọ́lẹ̀. Ó rọrùn, àmọ́ kò fún yín láyè bí ti Model Color.

Ẹ yan àwọ̀ lójú ọjọ́, nítòsí fèrèsé, tàbí lábẹ́ gílóòbù tó wà láàárín 5000K sí 6500K (nọ́ńbà àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó wà lára páálí rẹ̀). Gílóòbù aláwọ̀ yẹ́lò máa ń sọ pupa di ọsàn, ó sì ń pa búlúù pọ̀ mọ́ dúdú, èyí ló ń mú kí èèyàn kun búlúù mọ́lẹ̀ jù lálẹ́ kó tó rí i láàárọ̀.

Fáníìṣì, ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dáàbò bo àwọ̀, ló kù. Ọ̀dà olómi ń hó níbi tí ìka ti ń dì í mú, torí náà ère tí wọ́n ń fi ta ayò gbọ́dọ̀ ní fáníìṣì. Èyí tó dáa jù tí Vallejo ní ni Mecha Varnish Matt, 69.702, bọ́rọ́ọ̀ṣì lè kun ún, kò sì dán. Ìpele méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ kun, kí wákàtí díẹ̀ wà láàárín wọn. Ẹ má fún fáníìṣì lójú òjò: ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ máa ń há sínú rẹ̀, búlúù yín á sì bo funfun bí ìrì. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ìpele fáníìṣì dídán kan tí ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kun lọ́jọ́ tí oòrùn mú sábà máa ń mú kí àwọ̀ náà padà yọ. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ tún fi aláìdán bò ó.